Orúkọ màmá mi di mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, owó ìfẹ̀yìntì sì dúró. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

ỌmọTísà, Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nǹkan ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Tísà ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé báyìí, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ yẹ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wò ní ìpínlẹ̀ wa, abẹ́ tẹ́ǹtì ni. Wọ́n á pe orúkọ, ẹni tó bá dáhùn, ó wà láàyè nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Èmi ni mo bá wọn jókòó tì í. Mo tẹ NIN (nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), mo tẹ BVN (nọ́mbà ìdánimọ̀ ti báńkì), mo tẹ ọjọ́ ìbí, ó kọ lẹ́tà pupa sí mi lójú pé àkọsílẹ̀ kò bára mu.

Mo wá da gbogbo ìwé màmá sórí bẹ́ẹ̀dì. Fọláṣadé lorúkọ wọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ ọ́ ní Folasade, ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, 1954. BVN kọ ọ́ ní Folashade, ọjọ́ kan náà. NIN ní tirẹ̀ gbé Folashade sí ipò orúkọ ìdílé, ó fi orúkọ bàbá wa ṣe orúkọ àkọ́kọ́, ó sì ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 1958 ni wọ́n bí wọn. Ọdún 2021 ni a ṣe NIN ọ̀hún ní ìsọ̀ kan, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá kíjokíjo kí wọ́n má baà ti síìmù wọn pa. Màmá ní àwọn na ìwé sí ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́, ó ní kò pọn dandan, kí wọ́n ṣáà máa pè é.

Ìyẹn nìkan kọ́. Aró àti sódà ti jẹ ìka màmá, ojú ìka ń dán bí abọ́ tánganran. Ẹ̀rọ kì í mọ̀ ọ́n.

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìkànnì náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú, NIN ni tàbí BVN? Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń dúró lẹ́nu géètì ní kí n mú 60,000 náírà wá, òun á bá mi parí gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ṣé kí n san án?

SísìBáńkì, aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20

BVN ni kó o kọ́kọ́ mú. Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọdún 9, ibẹ̀ ló yá jù. Lọ sí báńkì tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọ̀, gba fọ́ọ̀mù, mú ìwé wọn dání. Kó o tó lọ, jẹ́ kí wọ́n tẹ *565*0# lórí síìmù wọn kó o lè rí nọ́mbà BVN náà dájú. Má fi falẹ̀ o. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí àkáùntì tí kò ní NIN tàbí BVN má lè gbowó jáde mọ́. Wọn ò ṣeré rárá.

Atẹ̀wé, aago 10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n SísìBáńkì, ẹ má bínú, ẹ ò ka ohun tó kọ dáadáa. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí BVN màmá ló tọ̀nà. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ tún ṣe níbẹ̀? Bí wọ́n bá yí i kó bá NIN tó ti bàjẹ́ mu ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kéèyàn tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí BVN, ẹ̀yin gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. NIN ni kó kọ́kọ́ tún ṣe.

Èmi náà wà lára àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀ tèmi kọ́ ni màmá ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níbi tí a jókòó sí. Èèyàn máa ń tò láti aago márùn-ún ìdájí. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, bí iná bá kú a ó tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìdílé ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń béèrè. O bi ìyá àgbà pé “orúkọ yín mà?”, orúkọ tí ìyá tirẹ̀ sọ ọ́ ló máa kọ́kọ́ pè. O tẹ̀ ẹ́, ó ti wọ ibi orúkọ ìdílé nìyẹn. Ẹni tí kò bá rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i, a ó fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. N kò ní ó dára o. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà àdúgbò yín, ẹ ó rí i bí àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún tuntun ṣe pọ̀ tó.

ỌmọTísà, 15,000 náírà ni owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí. O lè ṣe é fúnra ẹ lórí ìkànnì NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, orí Remita, ìkànnì ìsanwó, lo ti máa sanwó. Wò ó dáadáa kí àdírẹ́sì ìkànnì náà parí sí .gov.ng, torí ayédèrú pọ̀.

BàbáFáìlì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5 ìdájí

Ọmọ mi, kú ìtọ́jú ìyá rẹ. Ìwọ náà á rí ẹni tọ́jú rẹ.

Mo fi ọdún 31 tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Gbogbo yín ń jiyàn lórí NIN àti BVN, ẹ ò sì mẹ́nu kan èyí tó jẹ́ orísun. Fáìlì iṣẹ́ ni. Òfin iṣẹ́ ìjọba sọ ọ́ pé ọjọ́ ìbí tí èèyàn kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ kò ṣeé yí padà mọ́. Òun ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣírò owó rẹ̀. Nítorí náà, NIN ni yóò tẹ̀ síbi tí fáìlì wà, BVN náà yóò tẹ̀ lé e. Fáìlì kò ní dìde lọ bá ẹnikẹ́ni.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi ọ́ pé ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí màmá rẹ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ọjọ́ ìbí jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ní ọsibítù. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, mélòó nínú àwọn òbí ló ní ìwé ìbí lọ́wọ́? Hẹ́dímásítà á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ọwọ́ kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó tó ọmọ ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹun sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn. Ọwọ́ mi ò kan etí lọ́dún àkọ́kọ́, mo sunkún délé. Ní ti àbúrò mi, bàbá wa sọ pé ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ni wọ́n bí i, 1956 nìyẹn. Tísà wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó kọ 1957, òun ló sì lò títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o lọ sí ìgbìmọ̀ tó gba màmá rẹ síṣẹ́, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó fi ọjọ́ ìbí inú fáìlì hàn, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Mú un dání lọ sí gbogbo ibi tó o bá ń lọ.

Má fún ọkùnrin ẹnu géètì ní kọ́bọ̀.

Ṣàkáṣìkí, aago 8 àárọ̀

Ìlà tí wọ́n ń tò lábẹ́ tẹ́ǹtì náà ni wọ́n gbé lọ sí káfé, ẹ wá ń pè é ní ìlọsíwájú. Lábẹ́ tẹ́ǹtì, ó kéré tán, àga wà, omi tútù wà, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ á rí ara wọn. Ìyá àádọ́rin ọdún ó lé ń bá fóònù jà nítorí lẹ́tà “h” kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ pé Sade àti Shade jẹ́ ẹnì kan náà, ta ló ní kó máa pín owó Yorùbá?

BàbáFáìlì, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 40

Ṣàkáṣìkí, o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ tẹ́ǹtì yẹn? Ojú mi báyìí ló rí ọkùnrin tó dáhùn orúkọ ara rẹ̀ láàárọ̀, tó dé fìlà, tó tún dáhùn orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú lọ́sàn-án. Orúkọ tí kò sí èèyàn nídìí rẹ̀ ń gbowó oṣù. Ìdí tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́, jáde ní 2007 nìyẹn.

Ṣàkáṣìkí, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 50

Bàbá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé fìlà yẹn kọ́ ló ń jìyà báyìí. Màmá ỌmọTísà ni.

Lọ́yàKékeré, aago 1 ọ̀sán

Atẹ̀wé, 15,000 ti di ìtàn. Láti 2025 ni NIMC ti sọ àtúnṣe ọjọ́ ìbí di 28,574 náírà. Àtúnṣe orúkọ jẹ́ 2,000. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí èèyàn bá gbé 15,000 lọ, á padà sílé ni.

ỌmọTísà, ìwé ọjọ́ orí tí àwọn èèyàn ń lọ búra fún ní kóòtù kò ní tó fún ọjọ́ ìbí. Ìwé ìjẹ́rìí ìbí láti Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìyẹn NPC, ni kó o wá. Ọdún 1992 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí tí à ń lò báyìí jáde, nítorí náà ẹni tí wọ́n bí ní 1954 kò lè ní irú ìwé tí àwọn ọmọ wa ní. Ìwé ìjẹ́rìí ni wọ́n ń fún irú wọn. Lẹ́tà tí bàbá sọ yẹn á wúlò níbẹ̀ gan-an.

Ti orúkọ ńkọ́? Folasade àti Folashade kì í ṣe ìyípadà orúkọ. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà wọn kò mọ àmì tó wà lábẹ́ Ṣ, oníkálùkù sì ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wù ú: ẹnì kan á fi “h” sí i, ẹlòmíràn á gbàgbé àmì náà pátápátá. Ìwé ìbúra kóòtù kan tó sọ pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti ẹnì kan náà ni mo sábà máa ń lò fún àwọn oníbàárà mi. Àwọn tó bá fẹ́ yí orúkọ ìdílé sí òmíràn ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ní ti màmá yín, orúkọ náà ń bẹ níbẹ̀, ó kàn gbapò ara wọn ni. Ṣàlàyé èyí fún òṣìṣẹ́ tó bá dá yín lóhùn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọkùnrin ẹnu géètì ńkọ́? Tó o bá kó NIN, BVN, fọ́tò àti síìmù màmá lé e lọ́wọ́, kí ló kù tí kò lè fi orúkọ wọn ṣe? Òfin ààbò dátà wà láti 2023, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ mú un lọ nígbà tí o kò mọ orúkọ rẹ̀?

AráKétu, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ kan pẹ̀lú mi láti Benin. Tiyín ṣì dára, èdè kan ni ìjọba yín fi ń kọ orúkọ. Èmi ni Adéchina lọ́dọ̀ wa, torí lẹ́tà Faransé ni. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí wa rárá, Adesina ni tirẹ̀. Bàbá kan náà ló bí bàbá mi àti òun. Nígbà tí a fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá àgbà, wọ́n ní ká fi hàn pé a tan.

Ìparí 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ RAVIP, ètò ìkànìyàn fún ìdánimọ̀, níbí, wọ́n ń gba ìka àti fọ́tò gbogbo èèyàn láti abúlé dé abúlé, ó sì kọjá sí 2018. Ibẹ̀ ni ANIP, àjọ ìdánimọ̀ tiwa, ti ń mú nọ́mbà wa. Ní 2020 ni wọ́n ṣí ìkànnì service-public.bj, àwọn ará Estonia ló bá wọn kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ỌmọTísà gbọ́ nìyí: ìyá mi kò tẹ fóònù rí láyé wọn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún wọn fi ímeèlì ara rẹ̀ sí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà, a nílò ìwé kan, kóòdù ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun sì ti lọ sí Gabon. Ẹ wo nọ́mbà àti ímeèlì tó wà lórí àkọsílẹ̀ màmá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ní ti ọ̀rọ̀ Ṣàkáṣìkí, kò di dandan kó jẹ́ ìyà. Ní Tógò, lásìkò kòrónà ní oṣù Kẹrin 2020, ẹni tó ní fóònù kékeré lásán ń tẹ *855#, owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Novissi ń wọlé. Ní Lómé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin ń gba 12,250 CFA lóṣù, ọkùnrin 10,500. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí káfé.

ỌmọPeckham, aago 7 alẹ́

Òótọ́ ni AráKétu sọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, káàdì ìgbélùú tí a mọ̀ sí BRP ni wọ́n fòpin sí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2024, gbogbo rẹ̀ wá di eVisa orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣe é fún màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nọ́mbà fóònù tí wọ́n ní ká fi gba kóòdù, ti ọmọ wọn ni, ọmọ ọ̀hún sì ti pààrọ̀ síìmù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ tí a ń bọ̀.

ỌmọTísà, jẹ́ kí màmá tẹ *346# lórí síìmù tí wọ́n fi ṣe NIN. Bó bá gbé nọ́mbà jáde, síìmù ṣì dára. Bí síìmù náà bá ti sọnù, ìyẹn lo máa kọ́kọ́ yanjú, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

ÌyáAláró, Ọjọ́rú, aago 6 àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ìka. Ọdún 40 ni mo ti ń fọwọ́ bọ aró. Kí màmá sinmi aró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òrí ni kí wọ́n fi pa ìka lálaalẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ̀ ọ́, kí wọ́n hó èémí sí ìka, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ le jù.

SísìBáńkì, aago 7 àárọ̀

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni a máa ń ní kí àwọn oníbàárà fi pa ìka ní tiwa. Ó máa ń ṣiṣẹ́.

ÌyáAláró, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 10

Ká má rí i! Ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ìka tí sódà ti jẹ? Ó máa gbẹ, ó máa là. Ẹni tó ń fọ ọ̀rá ẹran lọ́wọ́ lo lè sọ ìyẹn fún, kì í ṣe aláró. Kí wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ dán gbogbo ìka wò. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ nítorí àwọn la fi ń fún aṣọ. Ọmọńdinrín tèmi ṣì pé ojú.

ỌmọTísà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Mo dé o. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mi ò lè dárúkọ gbogbo yín tán.

Síìmù ṣì dára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́tà tí bàbá ní ká gbà ló ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá fáìlì màmá, abẹ́ àpótí kan tí omi ti dà sí ló wà, ṣùgbọ́n ojú ìwé tó ní ọjọ́ ìbí ṣì ṣeé kà. A gba ìwé ìjẹ́rìí NPC, a búra ní kóòtù nítorí orúkọ. 28,574 ni mo san lórí Remita fún ọjọ́ ìbí, 2,000 fún orúkọ, bí Lọ́yàKékeré ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí mo bá fi ọkọ̀ àti fọ́tókópì kún un, kò tó 60,000.

Àtàǹpàkò méjèèjì kọ̀. Ìka ìlábẹ̀ kọ̀. Ìka àárín ọwọ́ òsì ló wọlé nígbà kẹrin, màmá sì pariwo “hẹ́ẹ̀n!” bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Òṣìṣẹ́ náà ti tún orúkọ tẹ̀, ó ti fẹ́ fi ránṣẹ́. Màmá ní kó dúró. Wọ́n yọ gíláàsì jáde nínú báàgì, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi bírò tọ́ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. “D mélòó lo kọ síbẹ̀?” Ọmọ náà wò ó, ó rí i pé òun ti tẹ d méjì. “Ẹ má bínú, mà.” Wọ́n ní kó tún un kà sókè fún àwọn. Ó kà á. Gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn wa dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ó gba ọjọ́ mélòó kan, NIN ti wá tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìkànnì owó ìfẹ̀yìntì ṣì ń gbé 1958 jáde! Ẹ gbà mí.

Atẹ̀wé, wákàtí kan lẹ́yìn náà

Má fòyà. Wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ pamọ́ sọ́dọ̀ tiwọn ni, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ béèrè tuntun. Ẹni tó ń bójú tó ìkànnì náà ló máa fà á wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ bá wọn lójúkojú, mú ìwé NIN tuntun dání. Má ṣe tẹ fọ́ọ̀mù náà léraléra, ó lè tì ọ́ síta.

BàbáFáìlì, ní alẹ́ ọjọ́ náà

Kọ lẹ́tà. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa padà bá ọ délé, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ti ìkànnì pa kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀dà yẹn lo máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ṣàkáṣìkí, ní alẹ́ ọjọ́ náà

Ìwé alóǹtẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà. Mo dákẹ́.

ỌmọTísà, Ọjọ́bọ̀, aago 2 ọ̀sán

Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n pe ẹnì kan lórí fóònù níṣojú wa, ó ní kí a padà wò ó ní ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀ Ajé mo ṣí i, 1954 ló gbé jáde, àwọ̀ ewé. Mo ń dúró de alááàtì báńkì.

ÌyáAláró, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 15

A dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí màmá máa wọ ìbọ̀wọ́ láti ìsinsìnyí lọ o, wọ́n á tún béèrè ìka lọ́dún tó ń bọ̀.

ỌmọTísà, aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 30

Mo ti rà á fún wọn, mà. Wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bí àwọn bá wọ̀ ọ́, àwọn ò ní mọ̀ bóyá aró ti múná tó. Láàárọ̀ yìí gan-an, ọwọ́ wọn ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.